Ọ̀rọ̀ Tí Mo Túmọ̀ sí Mummy Létí

Gbọ̀ngàn kan wà lẹ́yìn Rye Lane, ní Peckham, ní ìlú òyìnbó níbí, tí àwọn àgbàlagbà ti máa ń wo fíìmù lọ́sàn-án Ọjọ́rú. Ọ̀fẹ́ ni, tíì àti bisikíìtì sì wà níbẹ̀. Ìyá mi fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Láti ìgbà tí orúnkún ti ń dùn wọ́n, tí wọn ò lè dá lọ sí àsàlátù mọ́, ibẹ̀ nìkan ló kù tí wọ́n ń múra fún. Wọ́n á wé ìborùn wọn dáadáa, wọ́n á pa àtíkè, wọ́n á sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà dè mí. Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo ti bẹ ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ pé kó má fún mi ní shift lọ́jọ́ Ọjọ́rú.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, fíìmù àwọn ará Sweden ló kàn. Èdè wọn ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì wínníwínní wà nísàlẹ̀. Ojú Mummy ò ká a. Wọ́n tẹ̀ sí mi lára, wọ́n ní, "Kí ni wọ́n ń wí?" Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ sí wọn létí nìyẹn.

Ìtàn ọmọdé ni. Ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, irun rẹ̀ funfun bí òwú, ni ìyá rẹ̀ fi ọkọ̀ ojú omi gbé lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbà ní erékùṣù kékeré kan.

"Ìyá rẹ̀ ní bí èso inú ọgbà bá ti pọ́n, òun máa wá mú un," ni mo sọ fún Mummy.

Mummy mi orí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ọmọ náà kọ́ lílúwẹ̀ẹ́. Bàbá àgbà kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń la ẹja nínú. Lọ́jọ́ kan ó ṣubú sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Èso pọ́n. Èso jábọ́, ó jẹrà sórí koríko. Ọmọ yìí á gbé báàgì rẹ̀ lọ sí èbúté láràárọ̀, á jókòó lé e, á máa wo omi. Bàbá àgbà ò lè wò ó lójú. Ó ń sọ fún un pé bóyá afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù fún ọkọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti dáwọ́ ìtumọ̀ dúró. Mummy fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi jẹ́jẹ́. "Kí ni bàbá yẹn wí?" Mò ń wo ọmọ tó jókòó lé báàgì rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí Mummy mú mi lọ sí Ìbàdàn. Inú flat kan ní òkè kẹta, nítòsí Peckham Rye, là ń gbé nígbà náà, èmi, Mummy àti Daddy. Mummy ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré la máa lò, pé mo máa rí Grandma, mo máa jẹ máńgòrò títí máa fi sú mi. Kí a tó lọ, wọ́n fi téèpù wọn àyà mi, wọ́n wọn ìbàdí mi, wọ́n wọn ẹsẹ̀ mi, wọ́n ní aṣọ Iléyá ni wọ́n fẹ́ rán fún mi. Daddy gbé ẹrù wa sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní bí mo bá padà dé, àwọn máa mú mi lọ wo àwọn ọkọ̀ ojú omi ní Surrey Quays.

Ọjọ́ kẹfà tí a dé Ìbàdàn, mo jí, mi ò rí Mummy. Grandma ní wọ́n lọ sí Èkó lọ rajà, pé wọ́n ń bọ̀. Mo jókòó sí fàráńdà títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, Grandma mú aṣọ ilé ìwé jáde láti inú àpótí wọn, àwọ̀ ewé pẹ̀lú kọ́là funfun. Wọ́n wọ̀ ọ́ fún mi. Ó bá mi mu régí, láti àyà dé ìbàdí. Mo dúró níwájú dígí, mo sì mọ ohun tí téèpù yẹn wà fún. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo mọ̀.

Grandma ò fìyà jẹ mí. Wọ́n fẹ́ràn mi débi pé ẹyin tó bá wà nínú ọbẹ̀, tèmi ni. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ló ń fi Yorùbá mi ṣe yẹ̀yẹ́, títí mo fi ń sọ ọ́ ju tiwọn lọ. Nígbà tó di oṣù kẹta, Grandma mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń pe fóònù òkè òkun. Mo gbọ́ ohùn Mummy.

Mo ní, "Mummy, ẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Wọ́n ní, "Daddy rẹ ló ní kí o dúró. Kì í ṣe èmi. O mọ bí Daddy rẹ ṣe rí."

Mo ní kí wọ́n fún mi ní Daddy. Wọ́n ní Daddy ti lọ síbi iṣẹ́.

Ọdún márùn-ún ni mo lò ní Ìbàdàn. Lọ́jọ́ tí mo padà, Daddy ló wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú. Irun wọn ti ń funfun. Wọ́n la apá méjèèjì. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, láàárín àwọn òyìnbó, mo ní, "Ẹ kú àárọ̀, sà." Apá wọn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, sà ni mò ń pè wọ́n. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wà, bí wọ́n bá sì ti ń bọ̀ láti Brixton, wọ́n á ra máńgòrò fún mi, wọ́n á gbé e sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Mo máa ń fi sílẹ̀ níbẹ̀ títí á fi rọ̀.

Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, èmi ni mò ń tọ́jú wọn ní ọsibítù, nítorí iṣẹ́ mi ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Ṣé o ṣì ń bínú sí mi?"

Mo tún ìrọ̀rí wọn tò. Mo ní, "Ẹ sinmi, sà."

Ọjọ́ kejì ni wọ́n kú.

Ní gbọ̀ngàn yẹn, fíìmù ń parí lọ. Yìnyín ti bo erékùṣù kí ìyá ọmọ náà tó dé. Ọmọ náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí ẹni ń bọ àlejò lọ́wọ́. Wọ́n tan iná gbọ̀ngàn. Mummy nu ojú wọn.

"Ìyá yẹn ò ṣe dáadáa," ni wọ́n wí. "Kí ló dé tí kò sọ òtítọ́ fún ọmọ náà?"

Mo sìn wọ́n dé ilé wọn. Mo bá wọn bọ́ bàtà, mo jókòó sílẹ̀ níwájú wọn.

"Mummy, ìgbà wo ni Daddy sọ fún yín pé kí n dúró ní Ìbàdàn?"

Wọ́n wo ọwọ́ wọn. "Daddy rẹ ò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo sọ fún Daddy rẹ náà."

"Kí lẹ wí?"

"Iṣẹ́ méjì ni mò ń ṣe. Daddy rẹ ò sí nílé lọ́sàn-án. Ìwọ nìkan lò ń dá ṣílẹ̀kùn tí o bá ti iléèwé dé. Obìnrin ìsàlẹ̀ wa ní òun máa sọ fún council pé à ń dá ọmọ fi sílẹ̀ nílé. Mo rò ó pé ó sàn kí ìyá mi gbà ọ́ tọ́ ju kí ìjọba gbà ọ́ lọ́wọ́ wa lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì àlọ nìkan ni mo rà fún ọ."

Ìyẹn yé mi. Ká ní wọ́n dá ọ̀rọ̀ dúró síbẹ̀, bóyá ǹ bá ti dì mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi di ẹ̀bi ru Daddy.

"Ẹ̀rù bà mí pé o ò ní fẹ́ràn mi mọ́. Nígbà tí Daddy rẹ gbọ́ pé mo fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù kan. Wọ́n fẹ́ wá mú ọ, mo sunkún, mo bẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tí mo sọ fún ọ lórí fóònù, wọ́n ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọmọbìnrin ò gbọdọ̀ bínú sí ìyá rẹ̀, pé àwọn á gba ẹ̀bi náà mọ́ra."

"Daddy bi mí léèrè kí wọ́n tó kú, Mummy. Ní ọsibítù."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnì."

Wọ́n wà níbẹ̀. Wọ́n gbọ́ ìbéèrè, wọ́n gbọ́ ìdáhùn mi, wọ́n sì dúró jẹ́jẹ́. Mo dìde, mo mú kóòtù mi. Mo rin Rye Lane láti òkè dé ìsàlẹ̀, láàárín àwọn tó ń ta ẹja àti àwọn tó ń tún fóònù ṣe, ẹnì kan kí mi, mi ò mọ ẹni tí í ṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ sí itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí. Mi ò lọ síbẹ̀ rí, nítorí àwọn ọkùnrin ló sin Daddy. Ó pẹ́ kí n tó rí ibojì wọn. Mo dúró níbẹ̀ títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Mo gbàdúrà, mo bẹ Daddy pé kí wọ́n dárí jì mí, ṣùgbọ́n ẹni tí mò ń bẹ̀ kò lè sọ fún mi pé ó ti tán.

Fún oṣù kan mi ò lọ sọ́dọ̀ Mummy. Mò ń pè wọ́n láràárọ̀, mò ń bi wọ́n bóyá wọ́n ti lo òògùn wọn, mò ń gbé fóònù sílẹ̀. Nígbà tí òògùn tán, mo lọ. Wọ́n ti rù. Mo se ìrẹsì, a jọ jẹ ẹ́ lórí tábìlì kékeré. Wọ́n ní àwọn fẹ́ sọ̀rọ̀ Daddy fún mi, mo ní kí wọ́n jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn. Mo ti padà sí bí mo ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, mò ń fọ aṣọ wọn, mò ń fi òróró pa orúnkún wọn. Ìyá mi ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ fún mi báyìí pé àwọn ti jẹun, mo máa ń lọ ṣí ìkòkò wò.