Ohun tí Bàbá Kọ Sára Pátákó

Ọ̀bẹ ń ha pátákó ìpolówó iṣẹ́, ó ń dún hàrà hàrà, ọ̀dà pupa sì ń já bọ́ sórí itan bàbá àgbàlagbà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Àtàn-Ọ̀tà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Mo bá a di ẹsẹ̀ pátákó náà mú. Wọ́n fi aṣọ funfun di ọwọ́ òsì rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn, síbẹ̀ ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ni bàbá yìí máa ń tún ṣe. Láàárọ̀, kí n tó lọ sílé ìwé, òórùn epo ẹ̀rọ rẹ̀ á ti gba ojú fèrèsé wa wọlé. Tó bá parí iṣẹ́, kì í kàn gbé e fún oníbàárà. Oníbàárà fúnra rẹ̀ ní láti jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, kó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kó rán ojú aṣọ kan já. Bàbá á di ojú, á tẹ́tí sílẹ̀.

“Ó ń mí dáadáa,” ni yóò wí. “Ẹ gbé e lọ.”

Ọ̀dọ́kùnrin tó bá a kun pátákó ló dá wàhálà sílẹ̀. Iṣẹ́ tí Bàbá ní kó kọ kéré lójú rẹ̀, ló bá kọ “Ẹnjinníà Àgbà” kún un lókè, ó ní ẹ̀bùn òun nìyẹn. Inú Bàbá dùn. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ló fi dé fìlà lọ sí ìsọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: “Ẹnjinníà, ẹ wá bá mi sọ ìkòkò yìí kalẹ̀ o! Àbí ọwọ́ ẹnjinníà kì í kan èéfín?”

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, obìnrin kan gbé ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ wá. Bàbá ní òun kò fi bẹ́ẹ̀ mọ irú ẹ̀rọ yẹn. Obìnrin náà nawọ́ sí pátákó.

“Ṣebí ẹ̀yin ni ẹnjinníà?”

Ojú ti Bàbá. Ó tú u, ó dè é padà, ó yí i. Ẹ̀rọ náà bú ramúramù, bẹ́líìtì rẹ̀ já, ó ya Bàbá lọ́wọ́, ó sì fò kọjá lẹ́bàá etí obìnrin náà. Díẹ̀ ló kù kó bà á.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí Bàbá fi ń fá ọ̀dà kúrò lọ́jọ́ kejì.

“Bàbá, ṣé ẹ ò ní í jẹ́ ẹnjinníà mọ́ ni?” ni mo bi í.

“Ọmọ mi, obìnrin yẹn ò ṣẹ̀. Èmi ni mo fi pátákó yìí pè é. Ohun téèyàn bá kọ síta, òun làwọn ẹlòmíì máa gbára lé.”

“A ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe” nìkan ló kù síbẹ̀. Àwọn aránṣọ ò yéé wá, títí dé àwọn ará Iyana Iyesi.

Mo ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún báyìí. Ilé-iṣẹ́ fóòmù kan ní Sango ni mo ti ṣiṣẹ́, títí iná fi jó o. Mo jáde. Gbogbo wa kọ́ la jáde. Ọkùnrin tí wọ́n kọ “Sẹ́fítì” sí àyà aṣọ rẹ̀, pé òun ló ń bójú tó ààbò wa, kò mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà. Títí dòní, mi ò lè jókòó níbi tí mi ò ti ní í rí ẹnu ọ̀nà.

Aṣọ iṣẹ́ ni mò ń rán ní Ilo-Awela báyìí. Lóṣù tó kọjá, ilé-iṣẹ́ kan ń wá ẹni tó máa rán aṣọ fún gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀, títí kan aṣọ tí iná kì í tètè ràn fún àwọn tó ń fi iná jó irin pọ̀. Mi ò rán irú ẹ̀ rí. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ fọ́ọ̀mù. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti béèrè ipò mi, ó ní:

“Mọ́mì, ‘CEO àti Amòye Aṣọ Ààbò’ ni màá kọ.”

“Kọ ‘aránṣọ iṣẹ́’.”

“Háà! Wọn ò ní í gbé e fún wa o!”

A nílò iṣẹ́ náà gan-an, síbẹ̀ mo ní: “Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Wọ́n gbé aṣọ àwọn tó ń jó irin fún ẹlòmíì. Ti àwọn agbálẹ̀ àti àwọn tó ń di ọjà ni wọ́n fún wa. Ọmọ mi fajú ro fún ọjọ́ méjì, àmọ́ ó bá mi gbé e lọ nígbà tá a rán an tán. Àwọn obìnrin náà ń wọ̀ ọ́ wò, wọ́n ń yí ara wọn po, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo dúró, mò ń wò wọ́n, ẹ̀rù ò bà mí pé aṣọ tí mo rán máa ṣe ẹnikẹ́ni nínú wọn ní jàǹbá. Ohun tí bàbá yẹn fi sílẹ̀ fún mi nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nǹkan ṣì ń dẹ́rù bà mí láyé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ mi kò sí lára wọn.