Òǹtẹ̀ tó wà lára lẹ́tà Alhaja

Mo ti rí ohun tí kò yẹ kí n rí lónìí.

Ẹ mọ̀ pé lẹ́tà àwọn nééfì ìgbà ogun abẹ́lé ni mò ń kó jọ. Alhaja oníṣọ́ọ̀bù àdúgbò wa ní Festac bá fún mi ní tiwọn.

"Ọkọ mi àkọ́kọ́ ló kọ ọ́. Oṣù kẹta ọdún 1968 ni ọkọ̀ ojú omi wọn rì. Lẹ́yìn fídáù, àbúrò ẹ̀, Alhaji tí o mọ̀ yìí, ṣú mi lópó. Òun náà ló ka lẹ́tà yìí fún mi, torí mi ò mọ̀wé; ó ní kí ọkọ̀ tó rì ló ti kọ ọ́."

Mo wo òǹtẹ̀ pósófíìsì. Oṣù kẹjọ, ọdún yẹn kan náà! Òkú wo ló ń fi lẹ́tà ránṣẹ́?

Mo gbójú sókè, Alhaji ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lò ń wò lára ẹ̀?"

Mo ní kò sí nǹkan, mo sì mú lẹ́tà náà wá sílé. Alhaja ló ń pè mí lórí fóònù báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n wí?