Ṣaworo Ẹsẹ̀ Àbúrò Mi

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Èmi àti àbúrò mi obìnrin jọ wà ní kíláàsì kan náà. Ṣaworo wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ìyá wa ti sin àwọn ọmọ kan ṣáájú rẹ̀, ìyá àgbà sì ra ṣaworo náà wá láti Akẹ̀sán, l'Ọ́yọ̀ọ́, kí ìró rẹ̀ lè máa lé àwọn ẹgbẹ́ ọ̀run rẹ̀ sá.

Ọmọ náà kì í jókòó jẹ́ẹ́. Mísì á máa sọ̀rọ̀ lọ, òun á ṣàdédé kọjú sí fèrèsé, á rẹ́rìn-ín. Wọn á pe orúkọ rẹ̀, kò ní gbọ́. Ìta á funfun fún ọyẹ́, a ò ní rí igi ẹnu ọ̀nà. Ìgbà náà ni ṣaworo á bẹ̀rẹ̀ sí í dún lábẹ́ tábìlì, ṣin-ṣin, ṣin-ṣin.

"Wọ́n ti dé o," ọmọ kan á wí. "Má fara kàn án, wọn á kà ọ́ mọ́ wọn."

Ìyá gbọ́, ó sì ti Ọjà Igbó wá sílé ìwé.

"Ẹ̀yin mísì, mo fẹ́ mú ọmọ mi kúrò níbí. Wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀. Èyí náà á bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Ẹ má tíì mú un lọ, ìyá. Mo ti kọ́ irú ẹ̀ rí. Á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò ní parí ẹ̀. Á dáhùn kí n tó béèrè tán. Ṣọ́ọ̀kì tí mo fún un láàárọ̀ dà? Orí ẹ̀ sì pé dáadáa. Ẹ jókòó sẹ́yìn, kẹ́ ẹ máa wo ibi tó bá ń wò."

Ìyá jókòó. Ọmọ náà yíjú: aláǹgbá ni, lórí páànù. Ó tún yíjú, ó rẹ́rìn-ín: ewúrẹ́ kan ti ki orí bọ inú garawa. Ìyá náà rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀. Ni ṣaworo bá dún. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ìwé sì lọ lórí rẹ̀ pátápátá.

"Ẹ rí i? Ohun tẹ́ ẹ so mọ́ ọn gan-an ló ń pè é jù."

Lónìí, àwọn dókítà ní orúkọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Nígbà náà, ojú mísì nìkan la ní. Ìyá kúnlẹ̀, ó tú ṣaworo náà. Ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ lórí kókó ìkẹyìn.

Bá a ṣe ń lọ sílé nínú ọyẹ́, a ò gbọ́ ìró kankan lẹ́yìn wa.

"Ṣé o ń bọ̀?" ni Ìyá ké.

Ìyá sáré padà. Ọmọ náà dúró lójú ọ̀nà, ó tẹjú mọ́ inú ọyẹ́ funfun náà. Èmi wò ó, mi ò rí nǹkan kan. Ìyá lóṣòó tì í, òun náà wo ibẹ̀ títí.

"Wò ó tẹ́rùn," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "O máa lọ sílé ìwé lọ́la."