Ìrìn Tí Mo Bá Màmá Rìn

Agogo mẹ́jọ àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọjọ́ Ajé, ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ní ilé ìwòsàn kan ní Inisa. Ìmọ̀ ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì. Obìnrin ni dókítà tó gbà mí síṣẹ́, àìsàn kan ṣoṣo ni wọ́n sì ti ń wádìí láti ọ̀pọ̀ ọdún: ẹ̀jẹ̀ ríru inú ẹ̀dọ̀fóró. Kì í ṣe èyí tí gbogbo wa mọ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ni lápá kò lè rí i. Àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ọkàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró ló ń le, ọkàn á sì máa fi agídí ti ẹ̀jẹ̀ gba ibẹ̀ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Èémí á máa há mọ́ aláìsàn láyà, àwọn èèyàn á ní ikọ́ fée ni, tàbí pé ara ti ń dàgbà.

Ìdánwò ìrìn ni iṣẹ́ tèmi. A ó gbé àga kọ̀ọ̀kan sí ìpẹ̀kun méjèèjì ọ̀dẹ̀dẹ̀, aláìsàn á máa lọ, á máa bọ̀, fún ìṣẹ́jú mẹ́fà. Èmi á di aago mú, n ó máa ka ìlọ-bọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ìrìn rẹ̀ bá kúrú, a ó fún un ní lẹ́tà kó lọ ya àwòrán ọkàn ní Òṣogbo. Ẹni tó bá rìn dáadáa á máa lọ sílé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Dókítà sọ òfin kan fún mi: “Má bá wọn rìn. Ibi tí o bá dúró sí ni kí o dúró sí.”

Mo gbọ́. N kò ṣe é.

Màmá kan wá láti Òkukù. Gààrí ni wọ́n ti ń yan láti ìgbà ọmọge. Kí wọ́n tó jókòó ni wọ́n ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wọ́n tú àpò wọn fún mi: oògùn ikọ́ fée tí ilé ìwòsàn kan ti ń fún wọn láti ọdún mẹ́rin.

“Ṣé ó ń ṣiṣẹ́, mà?”

“Ìwọ nìkan lo tíì bi mí léèrè. Mo ṣáà ń lò ó.”

Nígbà tí ìrìn bẹ̀rẹ̀, ìlọ-bọ̀ kejì ni wọ́n ti ń fọwọ́ tọ́ ògiri. Àgbà tó lè bí ìyá mi ń tiraka, èmi dúró gangan bí ọlọ́pàá, mo di aago mú. Ojú tì mí. Mo lọ bá wọn, mo di ọwọ́ wọn mú, a jọ ń rìn.

“Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn,” ni obìnrin kan lórí bẹ́ǹṣì tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà wí.

“Ẹ wo ìyàwó tuntun àti ọkọ ẹ̀!” ni èkejì wí, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Màmá náà rẹ́rìn-ín. “Ẹ fi wá sílẹ̀ jàre, ọkọ mi ń kánjú.” Wọ́n sì yá ẹsẹ̀, kí wọ́n má baà dá mi dúró.

Ìrìn náà gùn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ń yẹ àkọsílẹ̀ wò ní ọ́fíìsì wa ní Ìkìrun. Ti Màmá nìkan ni kò bára mu. Ẹ̀rọ kékeré tí a há mọ́ wọn níka nígbà ìrìn fi hàn pé afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ wọn já wálẹ̀ gan-an. Ẹni tó rí bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó rìn jìnnà tó yẹn. Mo kọ́kọ́ fẹ́ di ẹ̀bi ru bátìrì ẹ̀rọ náà. Ẹ̀yìn náà ni mo rántí ọwọ́ tí mo dì mú, àti bí wọ́n ṣe yá ẹsẹ̀ nítorí mi. Mo lọ bá ọ̀gá tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀.

“A ti ti ìwé yẹn pa. Màmá náà rìn àbí wọn ò rìn?”

“Wọ́n rìn, sà, ṣùgbọ́n…”

“Ó parí. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ fẹ́ràn wàhálà jù.”

Inú ń bí mi sí ilé ìwòsàn tó ń fúnni lóògùn fún ọdún mẹ́rin láìbéèrè. Inú ń bí mi sí ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kọ́ ló bá Màmá rìn. Èmi tí mo mọ òfin ni mo rú u, wọ́n yìn mí fún un, ìyìn náà sì dùn mọ́ mi. Èyí ló bí mi nínú jù.

Mo pe Dókítà lórí fóònù.

“Ta ló bá wọn rìn?”

“Èmi ni, mà.”

“O sì mọ̀ pé kò yẹ?”

“Mo mọ̀, mà.”

“Kí lo wá ń ṣe ní Ìkìrun? Gun ọ̀kadà, kọjá sí Òkukù!”

Ẹ̀gbẹ́ agbada gààrí ni mo bá Màmá, èéfín bo gbogbo ibẹ̀. “Ọkọ mi, o tún dé?” Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé. Ẹ̀rín kúrò lójú wọn.

“Ṣé wọ́n fẹ́ lé ẹ lẹ́nu iṣẹ́ ni?”

“N ò mọ̀, mà. Ṣùgbọ́n ara yín kò yá, èmi ni mo kọ ọ́ pé ó yá.”

Wọ́n yọ igi kúrò lábẹ́ agbada. “Ó dáa. Mo ń bọ̀.”

Ní Inisa, Ọjọ́bọ̀, mo dúró síbi tó yẹ kí n dúró sí. Màmá bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Àwọn obìnrin orí bẹ́ǹṣì pòṣé: “Ọmọ ayé òde òní! Ojú ẹ̀ ò tiẹ̀ tì í.” Ní ìṣẹ́jú kẹta, Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo kọ. Dókítà kọ lẹ́tà.

N kò tíì mọ ohun tí àwòrán ọkàn náà sọ. N kò lè sọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi ṣòfò pa wọ́n lára. Ìbínú mi fẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní ẹ̀rí. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni pé ní agogo méje àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Màmá wọ bọ́ọ̀sì Òṣogbo ní Ìkìrun. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi gùn ún. Wọ́n dúró sinmi lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dé orí ìjókòó, lẹ́tà náà sì wà lọ́wọ́ wọn.