Màrìwò Lẹ́nu Ọ̀nà Kóòtù

Bí o bá wọ kóòtù wa láàárọ̀ kí wọ́n tó ṣí fèrèsé, òórùn ìgbẹ́ àdán ni yóò kọ́kọ́ kí ọ. Inú àjà ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ti pẹ́ níbẹ̀ ju gbogbo adájọ́ tí mo bá ṣiṣẹ́ lọ. Òórùn ìwé tí òjò ti pa tún wà níbẹ̀, àti ti ìpara tí àwọn ẹlẹ́jọ́ máa ń fi ra ara kí wọ́n tó wá, bí ẹni pé adájọ́ á wo ojú tó ń dán kó ṣàánú. Ìwọ tí a jọ jáde sẹ́kọ́ńdìrì ní Ọ̀fà níbí, o mọ bí mo ṣe yangàn tó nígbà tí mo ríṣẹ́ akọ̀wé kóòtù: èmi tí mo ń pe ẹjọ́, èmi tí mo ń ka ẹ̀sùn sí ènìyàn létí. Mo gbà pé ibẹ̀ nìkan ni tálákà àti olówó ti ń dúró lórí ilẹ̀ kan náà. Má rẹ́rìn-ín, jọ̀ọ́. Mo gbà á tọkàntọkàn títí di ọdún ọ̀rọ̀ wẹ́dà.

Wẹ́dà náà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́nà Ìjàgbó, níbi tó ti ń ṣe géètì àti bẹ́ǹṣì. Irin rélùwéè kúkúrú kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gùn ju apá ènìyàn lọ, òun ló máa ń tẹ́ sábẹ́ ohunkóhun tó bá fẹ́ lù. Bàbá rẹ̀ tó ti kú ṣiṣẹ́ rélùwéè. Nígbà kan tí wọ́n pààrọ̀ irin tó ti jẹ, ọ̀gá wọn ní kí wọ́n gé àjákù rẹ̀ fún un, ó sì gbé e wálé. Ìwọ náà mọ̀ pé irú irin bẹ́ẹ̀ pọ̀ nílé àwọn tí rélùwéè bọ́ ní ìlú yìí. Màmá mi gan-an ní ọ̀kan tó fi ń pa ekùrọ́.

Ọjọ́ burúkú èṣù gb'omi mu, àwọn ọlọ́pàá kan dé, wọ́n ní àwọn ń wá àwọn tó ń hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè tà. Ó ga o! Àwọn tó ń hú u ní ọkọ̀ àjàgbé, wọ́n sì ní ẹni ńlá lẹ́yìn. Ẹni tí ọwọ́ tó ni wẹ́dà tó jókòó jẹ́ẹ́ sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé òun àti irin náà wá sí kóòtù wa. Adájọ́ fún un ní béèlì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní kí onídùúró rẹ̀ jẹ́ ẹni tó ní ilé àti ìwé ilẹ̀. Ta ni tálákà mọ̀ tó ní ìwé ilẹ̀? Bí wọ́n ṣe gbé e lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n nìyẹn, títí di ọjọ́ tí adájọ́ á gbọ́ ẹlẹ́rìí rẹ̀.

Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló ní. Bàbá arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì ni, tó bá bàbá wẹ́dà ṣiṣẹ́, òun nìkan ló sì kù láyé nínú àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gé irin náà. Ìyá wẹ́dà ló mú un wá fi hàn mí. Alhaja tó ń ta ọṣẹ dúdú àti kànìnkàn ni ìyá yìí, ara rẹ̀ kì í balẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́ àdúrà. Mo ṣí ìwé, mo fẹ́ fi ẹjọ́ náà sí Jímọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú.

“Ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sí Jímọ̀. Bàbá yìí ò pa ìrun Jímọ̀ jẹ rí, ẹsẹ̀ wọn ò sì yá mọ́. Bí wọ́n bá pẹ́ níbí, wọn ò ní bá ìrun.”

Àánú ṣe mí. Mo fa ìlà sí i, mo gbé e sí Túsìdeè tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni. Alhaja ṣàdúrà fún mi títí ó fi dé ẹnu géètì. Wọ́n ní oore kì í gbé. Irọ́ ni, tèmi gbé.

Ẹyẹ kò sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀. Ní Mọ́ńdè, ẹgbẹ́ àwa òṣìṣẹ́ kóòtù kéde ìyanṣẹ́lódì káàkiri orílẹ̀-èdè. Ohun tí a ń jà fún dára, mi ò ní purọ́. A ní kí owó kóòtù máa bọ́ sọ́wọ́ kóòtù tààrà, kó má ṣe gba ọ̀dọ̀ gómìnà mọ́. Adájọ́ tó ń tọrọ owó epo jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ gómìnà, báwo ló ṣe fẹ́ dá gómìnà lẹ́bi? Mo gbà bẹ́ẹ̀ nígbà náà, mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Imọ̀ ọ̀pẹ tí a fi yí àdúgbò ká láti ṣọ́ọ̀ṣì ṣì tutù nílé mi. Ní òwúrọ̀ Túsìdeè, mo kó o dání, mo ya á wẹ́wẹ́, mo so ó mọ́ géètì kóòtù láti òpó kan dé èkejì, mo sì fi àgádágodo tì í. Alága wa, Alhaji, fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú fún ẹ̀rín. “Ẹ wá wo ọmọ Áńgílíkà tó ń so màrìwò bí abọrẹ̀!” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a ń kọrin, inú mi dùn.

Nígbà tó tó agogo mẹ́wàá, kẹ̀kẹ́ kan dúró. Alhaja sọ̀ kalẹ̀, ó fa bàbá náà lọ́wọ́. Bàbá wọ ẹ̀wù káàkí iṣẹ́ rélùwéè ìgbà àtijọ́, ẹ̀wù náà ti tóbi jù ú lọ, àmọ́ wọ́n lọ̀ ọ́ dáadáa. Ó rí màrìwò, ó sì dúró gbagidi, ó sún sẹ́yìn. Àgbà mọ ohun tí wọ́n ń so màrìwò fún.

“Ṣé a ò gbọdọ̀ kọjá ni?”

“Ìyanṣẹ́lódì ni, Bàbá. Ẹ ṣe sùúrù, kò ní ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.”

Alhaja bi mí pé kí là ń jà fún. Mo ní òmìnira kóòtù ni. Ó tún ọ̀rọ̀ náà wí lẹ́nu ara rẹ̀: “Òmìnira. Ọmọ tèmi wá ńkọ́?” Mo bá wọn pe kẹ̀kẹ́ padà.

Ọ̀sẹ̀ kan di mẹ́ta. Gbogbo Túsìdeè ni Alhaja ń wá wo géètì. Àjíǹde kọjá, ààwẹ̀ wọlé, imọ̀ ọ̀pẹ mi gbẹ, ó ń já bọ́ sílẹ̀. Alhaja wá ń dá nìkan wá nítorí pé ikọ́ ti dá bàbá dùbúlẹ̀. Mo tọ adájọ́ lọ sílé. Ó ní bí a bá lè ṣí i fún wákàtí kan, òun á wá gbọ́ ẹlẹ́rìí náà. Mo sáré lọ bá alága. Ó mi orí. “Mummy, bí a bá ṣí i fún ẹnì kan, ta la máa tì í mọ́?” Kọ́kọ́rọ́ wà nínú báàgì mi níbi tí mo jókòó sí. Ẹ̀rù bà mí kí wọ́n má pè mí ní ọ̀dàlẹ̀ ẹgbẹ́, mo sì dìde, mo lọ sílé. Ẹ̀rù yẹn ló ń tì mí lójú di òní.

Bàbá kú nínú ààwẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n sin ín, pẹ̀lú gbogbo ohun tó mọ̀.

Nígbà tí àwọn gómìnà tọwọ́ bọ̀wé tí wọn ò ní tẹ̀ lé, a ṣí kóòtù. Wọ́n kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n dé, wẹ́dà wà nínú wọn. Ó ti rù, ọwọ́ rẹ̀ tí iná máa ń ta pàrà sí ti mọ́ nini bí ọwọ́ akọ̀wé. Mo rí lọ́yà ọ̀fẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ sí i létí, mo sì gbọ́ ọ: bó bá ní òun ò jẹ̀bi, wọ́n á tún sún ẹjọ́ síwájú, ẹlẹ́rìí ò sì sí mọ́, bó bá gbà pé òun jẹ̀bi, oṣù tó ti lò lẹ́wọ̀n ti tó, á lọ lónìí.

Mo dìde, mo tún ka ẹ̀sùn sí i létí. “Ṣé o jẹ̀bi, àbí o ò jẹ̀bi?”

Kò wo adájọ́, èmi ló wò. “Mummy, èwo ni wọ́n fi ń lọ sílé nínú méjèèjì?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Adájọ́ tẹ orí ba, ó ń wá nǹkan tí kò sọ nù nínú fáìlì. Mo gbé bírò lé ìwé. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ ọ́ pé, “Mo jẹ̀bi,” mo sì kọ ọ́. Níta, Alhaja fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi, ìyá tó tó bí mi lọ́mọ! Ó ń dúpẹ́, ó ń ṣàdúrà pé Ọlọ́run á san án fún mi. Mo ní kí Ọlọ́run má tíì san án.

Ọdún tó kọjá, wẹ́dà wá sí ọ́fíìsì mi. Ilé-ìwé kan fẹ́ gbé iṣẹ́ bẹ́ǹṣì fún un, fọ́ọ̀mù wọn sì ń bèèrè bóyá kóòtù ti dá a lẹ́bi rí. Ó ní kí n bá òun kọ ìwé pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀, mo fi ohun tí mo kọ hàn án, mo ní ẹ̀dà èyí nìkan ni mo lè fún un.

“Ṣùgbọ́n Mummy, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé mi ò ṣe é.”

Mo ní mo mọ̀. Mo lu òǹtẹ̀ lé ẹ̀dà náà, mo nà án sí i, ó gbà á, ó dúpẹ́, ó sì lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ pé kò sí òfin nílùú yìí, mo sì máa ń dákẹ́ bí wọ́n bá ń sọ ọ́, torí mo mọ̀ pé ó wà. Èmi ni mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa ọmọkùnrin yẹn kò já mọ́ nǹkan kan. Ohun tí mo kọ nípa rẹ̀ ni òfin.