Ojú Ìyá Mi Lára Pósítà

Télọ̀ ni ìyá mi l'Ájégúnlẹ̀. Lókè máṣíìnì rẹ̀ ni àwòrán òyìnbó obìnrin kan wà, òṣèré sinimá Amẹ́ríkà láyé àtijọ́, tó wọ gáùnù tó ń dán, tó gbójú sókè bí ẹni tí kò jìyà rí. Irọ́ gbuu! Ìyá mi mọ ìtàn obìnrin yẹn ju ìtàn mọ̀lẹ́bí bàbá mi lọ.

"Àwọn oní-sinimá gba orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́ lọ́wọ́ ẹ̀," ló máa ń sọ fáwọn kọ́sítọ́mà. "Wọ́n tún irun ẹ̀ ṣe, wọ́n tún eyín ẹ̀ ṣe. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n, òun nìkan ló dá kú sínú ilé. Ẹ ṣáà jẹ́ n rán gáùnù ẹ̀ fún yín."

Òun fúnra rẹ̀ kì í ya fọ́tò. Pélé wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, wọ́n sì ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ ẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ dé Àpápá láti ìlú òkè. Èmi fẹ́ràn ilà yẹn. Ní kékeré, tí oorun bá ń kùn mí, ìka mi á wà lórí ẹ̀.

Nígbà tó kú lọ́dún tó kọjá, fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ nìkan la rí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tẹ pósítà òkú. Ládùúgbò wa, tí òkú ò bá ní fọ́tò tó dáa, wọ́n á fi kọ̀ǹpútà gé orí ẹ̀ nínú fọ́tò, wọ́n á gbé e lé ọrùn ẹlòmíì tó wọ léèsì. Gbogbo wa la mọ̀, kò sẹ́ni tó ń pè é nírọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má worry, Màmá máa fresh gan-an," ni ọ̀gá atẹ̀wé náà wí.

Nígbà tí pósítà dé, Màmá fresh lóòótọ́. Ó pupa, ojú ẹ̀ ò hun jọ mọ́. Pélé ò sí níbẹ̀. Mo pariwo pé kí wọ́n dá ilà náà padà, wọ́n ní àwọn ti tẹ̀ ẹ́ tán.

"Kí ló tún kù?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Wò ó, bí òṣèré!"

Inú bí mi débi pé mo sunkún. Ohun tí wọ́n ṣe fún òyìnbó yẹn ni wọ́n ṣe fún ìyá mi, àwa ọmọ rẹ̀ la sì fà á lé wọn lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtìgbà èwe, tí kò mọ̀wé kà, tí kò sì dé ilé wa rí, wọkọ̀ ojú omi wá láti Snake Island. Mo rí i níwájú géètì wa, ó dúró ti pósítà, ó wò ó títí, ó sì yí padà, ó ń lọ. Mo sáré tẹ̀ lé e.

"Mà, ibí ni, mà."

"Rárá, ọmọ mi," ló ní. "Ọ̀dọ́ ló kú níbí, Ọlọ́run á tu àwọn òbí ẹ̀ nínú. Ilé ọ̀rẹ́ mi ni mò ń wá."