Ìlà Kẹrin Tí Mo Fagi Lé

Ìyanṣẹ́lódì tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ń pè mí ní Kọ́múréèdì títí di òní wáyé ní ìparí àwọn ọdún 1970, nígbà tí àwọn ológun ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún àwọn olóṣèlú. Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ máa ń ní kí n sọ ọ́ fún àwọn. Mo máa ń sọ ọ́ dé ibi tí máníjà ti bọ̀ wá lọ́wọ́, wọn á pàtẹ́wọ́, èmi náà á jókòó. Ibi tí mo máa ń fò ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú ti ń tì mí láti ọjọ́ yìí náà.

Sabon Gari ní Kano ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń ta aṣọ lọ́jà, nítorí náà Hausa ni mo fi ṣeré ọmọdé, Yorùbá ni mo fi gbàdúrà. Ilé iṣẹ́ awọ kan ní Bompai ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A máa ń kó awọ ewúrẹ́ sínú àgbá ńlá kan tó ń yí, a ó da omi kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní kúróòmù lé e lórí kí awọ náà má baà jẹrà. A kò ní ìbọ̀wọ́. Ọwọ́ wa ń bó, imú àwọn mìíràn ń ṣẹ̀jẹ̀. Bí iṣẹ́ bá parí, a ó ṣí ìdí àgbá, omi á gba gọ́tà lọ sínú odò kékeré tó wà lẹ́yìn ọgbà.

Ibi tí omi yẹn ń lọ kò kàn wá. Ọ̀gá tó ń ṣe àyẹ̀wò kẹ́míkà níbẹ̀ ló là mí lójú. Ó ní ìdọ̀tí mìíràn máa ń jẹrà di ilẹ̀, ṣùgbọ́n kúróòmù kì í jẹrà, ibi tó bá dé ló ń wà. Àwọn àgbẹ̀ ń fi ẹ̀rọ fa omi odò yẹn sí ebè ẹ̀fọ́. Púpọ̀ nínú kúróòmù náà ń ṣẹ́kù sínú ilẹ̀ lọ́dọọdún, ewé ń fa díẹ̀, omi náà sì ń ta sí ewé lára, ẹ̀fọ́ yẹn kan náà ló ń wá sí ọjà Sabon Gari.

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé à ń dà á nù, a tún ń rà á padà jẹ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kì í yá tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń gbà nìyẹn.

Nígbà tí a yanṣẹ́ lódì, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́, èmi ni mo kọ ohun tí a fẹ́. Ìbọ̀wọ́, bàtà òjò, àti mílíìkì agolo fún gbogbo òṣìṣẹ́ lójoojúmọ́. Gbogbo wa la gbà pé mílíìkì ń fọ kẹ́míkà kúrò lára. Kí n má parọ́, ọ̀gá yẹn ti sọ fún mi pé kò fọ nǹkan kan. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí òun ni inú àwọn èèyàn wa ń dùn sí jù.

Ní ọjọ́ kejì, Malam Garba, àgbẹ̀ kan tó ń dáko létí odò náà, wá bá wa lẹ́nu géètì. Ó kó ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń pè ní aláyàhù dání, etí ewé rẹ̀ ti jóná. Ó bá mi sọ Hausa: "Ìwọ ọmọ Kano ni, ìwọ lo gbọ́ èdè wa. Bá wa sọ fún wọn kí wọ́n fọ omi yẹn kí wọ́n tó dà á. Ilẹ̀ yìí nìkan ni mo ní." Mo kọ ọ́ sí ìlà kẹrin níṣojú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, òun àti àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó tì wá nínú oòrùn. Nígbà tí máníjà kó àwọn ọkùnrin kan wá láti rọ́pò wa, ará àdúgbò Malam ni wọ́n. Òun ló bá wọn sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi padà sílé. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, ìyanṣẹ́lódì náà ì bá ti tú ká.

Ọjọ́ kẹfà ni máníjà pè wá wọlé. Ó ka ìwé wa. Ó ní, "Ìbọ̀wọ́, bàtà, mílíìkì, mo gbà. Ti gọ́tà yìí, kí ló kàn yín níbẹ̀? Ẹ fagi lé e, kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́la."

Alága wa yíjú sí mi. "Sẹ́kítírì, ta ló ni ìlà kẹrin yìí? Ṣé mẹ́ńbà wa ni?"

Mo ní, "Rárá, kì í ṣe mẹ́ńbà wa." Mo fa bírò jáde, mo fagi lé e. Kò sẹ́ni tó fi ìbọn sí mi lórí o.

Malam ń dúró níta. Ó béèrè bóyá wọ́n gbà. Mo dá a lóhùn pé, "Sun ji, Malam." Ìyẹn ni pé wọ́n ti gbọ́. Ṣé ẹ rí i, n kò parọ́. Máníjà gbọ́ lóòótọ́. Mo mọ̀ pé yóò rò pé wọ́n gbà ni, ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yẹn nìyẹn. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ.

Ìyàwó mi ní ilé oúnjẹ lójú France Road ní Sabon Gari. Nítorí pé Malam dúró tì wá, ọwọ́ rẹ̀ ló ti wá ń ra ẹ̀fọ́ láti ìgbà yẹn. Àwọn mẹ́ńbà wa gan-an ló ń jẹ ẹ́ jù. Èmi kò fẹnu kàn án. Mo ní inú ló máa ń run mí. Ó tó ọdún kan kí ìyàwó mi tó bi mí.

"Bàbá Bọ̀sẹ̀, ẹ jẹ ẹ̀fọ́ nílé àǹtí yín ní Sunday, inú ò run yín. Ti ilé yìí nìkan ló ń run yín?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Àwọn tó ń jẹun lọ́dọ̀ mi ńkọ́?"

"Díẹ̀ ni ewé ń fà," mo ní.

"Bó bá jẹ́ díẹ̀, ẹ jẹ ẹ́." Ó bu ẹ̀fọ́ sí àwo, ó gbé e síwájú mi. N kò lè jẹ ẹ́. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí, ó gbé àwo náà kúrò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń bi mí léèrè ohun tí a rí nínú ìjà yẹn. A rí ìbọ̀wọ́, ọwọ́ àwọn èèyàn sì san, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. A rí mílíìkì, a mu ún fún ọ̀pọ̀ ọdún, a ń fi tan ara wa. Omi ń lọ sínú odò bó ṣe ń lọ. Mo tún ṣe akọ̀wé fún sáà méjì lẹ́yìn ìgbà náà, mo kọ ìwé tó pọ̀ sí àwọn máníjà, n kò kọ ọ̀rọ̀ gọ́tà sí ọ̀kankan. Ẹ̀yin tí ẹ bá tún fẹ́ jókòó pẹ̀lú wọn, ẹ fi í ṣe ìlà kìn-ín-ní.

Láti ọjọ́ tí mo ti jẹ́wọ́ fún ìyàwó mi ni kò ti ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ Malam mọ́. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún un, torí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má tú mi síta. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Malam wá bá mi nílé. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó lóṣòó. Ó ní bóyá òun ti ṣẹ ìyàwó mi ni, òun kò mọ ohun tí òun ṣe, ṣùgbọ́n kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun bẹ̀ ẹ́.

Mo sọ fún un pé n ó bá a bẹ̀ ẹ́.